Ẹ Bi Wá Léèrè: Ta Ni Yóò Gbé Ọmọ Nígbà Tí A Bá Lọ Síbi Iṣẹ́?

Lẹ́tà méjì ni a mú nínú àwọn tí ó dé ọwọ́ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, ní oṣù yìí. Ọmọ Kétu kan tí ó wà ní ilẹ̀ Faransé ni ó kọ ọ̀kan, obìnrin kan láti ilẹ̀ Nàìjíríà tí ó ń gbé láàárín wa níhìn-ín ni ó sì kọ èkejì. Ìlú àjèjì ni àwọn méjèèjì ti ń tọ́mọ, ìdààmú kan náà ni ó sì mú wọn kọ̀wé.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín fún iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ Kétu ni èmi àti ọkọ mi, ẹ̀bá Párísì ni a sì ń gbé. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́fà, àkọ́bí wa ni. Mo máa ń tún ọ́fíìsì ṣe: láti aago mẹ́fà sí mẹ́sàn-án òwúrọ̀, lẹ́yìn náà láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí mẹ́sàn-án alẹ́, mo sì ti lo ọdún méjì ní ilé iṣẹ́ náà. Ọkọ mi ń ṣọ́ ilé ìtajà ńlá kan lóru. Aago méje alẹ́ ni ó máa ń jáde nílé, aago méje àárọ̀ a ti kọjá kí ó tó wọlé. A kò ní ẹbí kankan nítòsí. Màmá mi ti sọ pé bí ọmọ náà bá ti pé oṣù mẹ́fà kí n gbé e wá sí Kétu, òun yóò tọ́ ọ títí yóò fi tó ilé ẹ̀kọ́ lọ, nítorí pé ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ọkọ mi fara mọ́ ọn, torí pé ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ni òun náà dàgbà sí. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, n kò rí oorun sùn. Bí mo bá kọ̀, wọn yóò ní mo ti di òyìnbó mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí mo bá gbà, n kò mọ bí n ó ṣe fara dà á. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Kétu, ní ẹ̀bá Párísì

ÌDÁHÙN

Àbúrò wa, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a sì gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdáhùn mi kí n tó ṣàlàyé rẹ̀: ẹ má ṣe fi ọmọ náà ránṣẹ́ sí Kétu. Màmá yín ni kí ó wá bá yín, kí ẹ sì fi ọgbọ́n yan ìgbà tí yóò wá.

Òwe tí màmá yín pa kò ní àbùkù. Àmọ́ nígbà tí àwọn àgbà wa ń pa òwe náà, ìyá ọmọ àti igba ènìyàn yẹn jọ ń gbé inú agboolé kan náà ni. Ìyá lè jí lọ sí oko kí ó fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀ yóò ti padà dé, ọmọ yóò sì sun itan rẹ̀ lálẹ́. Wọ́n ń ràn án lọ́wọ́ ni, wọn kò gba ipò rẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ ènìyàn iyì ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti ní Àjàṣẹ́ níhìn-ín tí ó jẹ́ pé ìyá àgbà ni ó tọ́ wọn, bí ó ti rí fún ọkọ yín. Ẹ bi ọkọ yín léèrè pé níbo ni ìyá rẹ̀ wà nígbà náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìyá náà wà ní ìlú tí ó fi lè máa wá wò ó ní ọjọ́ ọjà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jọ ti ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà ní òkè òkun.

Ọjọ́ tí ẹ óò gbé ọmọ fún màmá yín kọ́ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù, bí kò ṣe ọjọ́ tí ẹ óò wá gbà á padà. Ọmọ oṣù mẹ́fà yóò sunkún fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà yóò fi ẹni tí ó ń pọ̀n ọ́n, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ṣe ìyá. Ohùn màmá yín ni yóò fi kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni òfin Faransé ti sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́, nítorí náà ọdún mẹ́ta gan-an ni ẹ óò lọ mú un, nígbà tí ó ti gbọ́n tó láti mọ ẹni tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹ óò já a gbà lọ́wọ́ ìyá kan ṣoṣo tí ó mọ̀, ẹ óò sì gbé e lọ sínú òtútù, sọ́dọ̀ ọkùnrin àti obìnrin tí ó ti ń rí lórí fóònù, sí kíláàsì tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ó ti gba ìyá lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo mọ ìyá kan tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń pè ní àǹtí, tí ọmọ náà sì máa ń sùn pẹ̀lú aṣọ ìró ìyá àgbà rẹ̀ tí ó mú bọ̀ láti ilé. Ọmọ náà kò jẹ̀bi, ìyá rẹ̀ náà kò sì ṣe é pẹ̀lú ìkà. Iṣẹ́ ni ó há wọn mọ́, kò sì sí ẹni tí ó bá wọn ka oṣù.

Ọ̀rọ̀ ìwé tún wà níbẹ̀, tí àwọn ará ilé kì í rò mọ́ ọn. Ẹ kò sọ fún wa bóyá ọ̀kan nínú yín ti di ọmọ onílẹ̀ ní Faransé. Bí àjèjì ni ẹ̀yin méjèèjì tí a kò sì bí ìkankan yín sí ibẹ̀, ọmọ yín kò ní di ọmọ Faransé lọ́jọ́ ìbí rẹ̀, ó sì nílò ìwé tí wọ́n ń pè ní DCEM, èyí tí ọ́fíìsì ìjọba tí a ń pè ní préfecture máa ń fúnni, kí ó tó lè jáde kí ó sì tún wọlé láìgba físà. Bí ó bá wá pẹ́ ní ìta fún ọdún púpọ̀, ìpadàbọ̀ rẹ̀ lè di ẹjọ́ lọ́tọ̀. Bákan náà, owó tí àjọ CAF ń san nítorí ọmọ, ọmọ tí ó ń gbé ní Faransé ni wọ́n ń san án fún. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ti di ará Kétu, ẹ kò ní ẹ̀tọ́ sí i mọ́, ẹ óò sì tún máa fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ sílé.

Ẹ jẹ́ kí a wá ka oṣù náà papọ̀. Fún àkọ́bí, òfin fún yín ní ọ̀sẹ̀ 16 ìsinmi ìbímọ: mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ tí a ń retí ọmọ, mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ yín náà ní tirẹ̀, àwọn ọkùnrin wa kì í sì í béèrè fún un tó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2021, ọjọ́ 28 ni ó tọ́ sí baba. Ọjọ́ mẹ́ta ìbí ọmọ àti mẹ́rin tí ó tẹ̀ lé e kò ṣe é sún síwájú, ṣùgbọ́n ọjọ́ 21 tí ó kù lè dúró títí ọmọ yóò fi pé oṣù mẹ́fà, ó sì lè gbà á lẹ́ẹ̀kan náà tàbí kí ó pín in sí méjì. Ní ti màmá yín, físà kúkúrú fún un ní ọjọ́ 90 nínú ọjọ́ 180, kò lé.

Àṣà wa ni pé kí ìyá ìyàwó dé kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, kí ó wẹ ọmọ, kí ó fi omi gbígbóná tọ́jú abiyamọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí màmá yín bá dé ní ọ̀sẹ̀ ìbímọ: ẹ̀yin wà nílé, ọkọ yín wà nílé, òun náà wà nílé, ènìyàn mẹ́ta yí ọmọ kan ká. Oṣù mẹ́ta yóò pé, òun yóò wọkọ̀ padà sí Kétu ní kété tí ẹ̀yin padà sí ibi iṣẹ́, ilé yóò sì ṣófo nígbà tí ẹ nílò ènìyàn jù. Ẹ yí i padà. Kí ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yín tán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wọṣẹ́, kí ọkọ yín bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ 21 tirẹ̀. Nígbà tí ti ọkọ yín bá ku díẹ̀ kí ó parí, kí màmá yín dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àti ọ̀sẹ̀ méjìlá lé díẹ̀ ti màmá yín: ọmọ yóò ti sún mọ́ oṣù mẹ́fà láìjẹ́ pé àjèjì kankan gbé e. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ń sọ yìí kò kéré, pé ẹ óò rọbí láìsí ìyá yín nítòsí. Ó dùn mí láti kọ ọ́. Síbẹ̀, bí ọjọ́ 90 nìkan ni a ní, ìgbà tí kò sí ẹlòmíràn ni ó yẹ kí a ná an.

Ẹ má fi físà náà falẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ óò gba ìwé ìgbàlejò ní mairie, ilé ìjọba ìlú yín, ẹ óò sì ra ìwé adójútòfò ìlera tí ó tó yúrò 30,000 ó kéré tán fún màmá. Kútọnu ni òun yóò ti gbé ìwé rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń gbà á láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn àjò. Nítorí pé wọ́n lè kọ̀ ọ́, ẹ má ṣe jókòó tì í láìwá ọ̀nà mìíràn.

Ọ̀nà mìíràn náà ni ẹni tí yóò gba ọmọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, oyún tí ẹ wà yìí sì ni ìgbà láti wá a. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ sí mairie kí ẹ fi orúkọ sílẹ̀ fún àyè ní krẹ́ṣì, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, torí pé àwọn tí ń béèrè máa ń pọ̀ ju àyè lọ. Owó ibẹ̀ ń tẹ̀ lé ohun tí ń wọlé fún ìdílé. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé krẹ́ṣì nìkan, nítorí pé bí wọ́n bá ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀, ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn yóò sì ti tì í kí ẹ tó padà lálẹ́. Ẹni tí ó bá wákàtí yín mu ni assistante maternelle, obìnrin tí ìjọba département fún ní ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ilé ara rẹ̀. Òun ni ẹ lè bá ṣe àdéhùn aago márùn-ún ààbọ̀ òwúrọ̀ bí ó bá gbà. Ẹ̀yin ni ẹ óò jẹ́ agbanisíṣẹ́ rẹ̀, CAF yóò sì bá yín san lára owó náà. Ẹ béèrè orúkọ wọn ní ilé PMI, níbi tí wọn yóò ti máa yẹ ọmọ wò tí wọn yóò sì máa fún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọdún mẹ́fà.

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ yẹn ni ó ń kọ mí lóminú. Bí ẹ bá ti lo ọdún kan ní ilé iṣẹ́ kí ọmọ tó dé, tiyín sì ti tó méjì, òfin jẹ́ kí ẹ dín wákàtí yín kù títí ọmọ yóò fi pé ọdún mẹ́ta, bí ohun tí ó kù kò bá ṣáà ti kéré sí wákàtí 16 lọ́sẹ̀. Agbanisíṣẹ́ kò lè kọ dídín náà. Wákàtí tí yóò fi sílẹ̀ fún yín ni ó lè yàn bí ẹ kò bá fẹnu kò, nítorí náà ẹ tètè lọ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ pé inú ti ìrọ̀lẹ́ ni kí ó ti yọ ọ́, kí ẹ sì kọ lẹ́tà tí a fi orúkọ sílẹ̀ fún ní ilé ìfìwéránṣẹ́, ó kéré tán oṣù kan kí ìsinmi ìbímọ tó parí. Owó yóò dín, òótọ́ ni. Ẹ ṣe ìṣirò ohun tí ẹ óò san fún ẹni tí yóò gbé ọmọ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ tó sọ pé ó pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ọkọ yín kà fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni, ẹni tí ó ṣọ́ ilé ìtajà mọ́jú kò lè ṣọ́ ọmọ lójú ọ̀sán. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà yín mọ́ ẹni tí ó wà nílé nígbà tí ó jẹ́ pé oorun ni ẹ ń sùn. Ọmọ tí ó ti ń rá lè dé ìdí iná kí ẹ tó lajú. Ẹ béèrè iṣẹ́ ojú ọ̀sán lọ́wọ́ ọ̀gá yín báyìí, kí ọmọ tó dé. Bí ẹ̀yin náà bá ti lo ọdún kan ní ilé iṣẹ́ yín kí ọmọ tó dé, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dín wákàtí kù gẹ́gẹ́ bí aya yín. Nígbà òtútù àkọ́kọ́, ọmọ yóò máa ní ibà àti ikọ́, wọn yóò máa pe òbí pé kó wá gbé e. Ọjọ́ márùn-ún lọ́dún ni òfin fún olúkúlùkù òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan, láìsí owó oṣù fún un bí ilé iṣẹ́ kò bá ní àdéhùn tí ó san jù bẹ́ẹ̀. Ẹ pín in. Bí ó bá jẹ́ ìyàwó nìkan ni wọ́n ń pè, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ bọ́.

Ó ku ti màmá. Ní Kétu wa, ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, níbi tí a ti ń jó láti yẹ́ àwọn ìyá sí, kì í ṣe ohun kékeré kí ọmọ sọ fún ìyá rẹ̀ pé rárá. Nítorí náà ẹ má fi rárá bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ yín ni ó pè é, kí ó dọ̀bálẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí fóònù ni, kí ó sọ pé àwọn ń bẹ̀ ẹ́ kí ó wá gbé ọmọ fún àwọn ní oṣù báyìí báyìí. Kí òun ni yóò fún ọmọ ní orúkọ àkọ́kọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí gbogbo ènìyàn gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí ẹ sì ṣèlérí fún un pé bí ọmọ bá tó ọdún mẹ́fà tàbí méje, ìsinmi gígùn oṣù keje àti ìkẹjọ, tí ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, yóò jẹ́ ti Kétu. Ọmọ tí ó lè sọ̀rọ̀, tí ó mọ̀ pé ìyá òun ń bọ̀ wá mú òun, yóò gbádùn màmá àgbà rẹ̀ gidi, yóò sì kó èdè Yorùbá bọ̀ wá fún yín.

ÌBÉÈRÈ

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, ṣùgbọ́n Àjàṣẹ́ ni iṣẹ́ gbé èmi àti ọkọ mi dé. Ọkọ mi ń lọ sí Kútọnu lójoojúmọ́, èmi ń ta aṣọ ní ọjà Wàndó. Ọmọ wa àgbà wà ní CP, kíláàsì kejì ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wà ní maternelle, jẹ́lé-ó-sinmi. Ohun tí kò sí ní ilé wa ni ó ń dà mí láàmú: wọ́n ń lé àwọn ọmọ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ní aago méjìlá ọ̀sán, wọ́n a sì tún padà ní aago mẹ́ta. Mo ń ti ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn oníbàárà ti ń sá. Obìnrin kan ní ọjà fẹ́ bá mi mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún mọ́kànlá kan wá láti abúlé kan lẹ́bàá Sákétè kí ó máa bá mi tọ́jú wọn. Ó ní gbogbo ènìyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìyá ọlọ́mọ méjì, Wàndó

ÌDÁHÙN

Rárá, ìyá wa. Ohun tí obìnrin yẹn ń pè ní ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣe, òun ni àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, ọmọ tí a fi sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ sì ti ń bá ibi tí ó bàjẹ́ dé jà láti ọjọ́ pípẹ́. Òfin 2006-04 ti ọdún 2006 kò gbà kí a mú ọmọdé kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ láti ìlú kan sí èkejì láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ aláṣẹ ibi tí ó ń gbé. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò sì yẹ ní ẹni tí à ń gbà síṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àlejò ní ìlú kò gbọdọ̀ jẹ́ kí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ wá bá yín.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ fi òfin sílẹ̀. Ní aago mẹ́ta, ọmọbìnrin náà yóò mú àwọn ọmọ yín méjèèjì dé ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, wọn yóò wọlé, òun yóò sì padà lọ fọ abọ́. Ọmọ ni òun náà. Ẹni ọdún mọ́kànlá tí ó wà nílé pẹ̀lú ọmọ ọdún mẹ́rin nígbà tí iná bá ràn mọ́ aṣọ kò lè ṣe ju pé kí ó ké lọ.

Wákàtí mẹ́ta ni ẹ nílò lóòjọ́, kì í ṣe ènìyàn tí yóò máa gbé nínú ilé yín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bóyá wọ́n ní kantíìnì: ní ọdún 2017 ni ìjọba àti PAM, àjọ oúnjẹ àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba, ọmọ tí ó bá ti jẹun níbẹ̀ lè dúró síbẹ̀ bí olùkọ́ kan bá gbà láti wò wọ́n. Bí kò bá sí, ẹ wá àgbàlagbà obìnrin kan ní àdúgbò, opó tàbí ẹni tí ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà, kí ẹ san owó wákàtí rẹ̀ fún un. Owó oṣù tí ó kéré jù ní Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kìíní ọdún 2023 jẹ́ 52,000 fráǹkì fún ẹni tí ó ṣiṣẹ́ oṣù kan pé. Ẹ fi ìyẹn ṣe òṣùwọ̀n kí ẹ má baà rẹ́ ẹ jẹ. Bí ó bá wúwo fún yín nìkan, n kò rò pé ẹ̀yin nìkan ni ìyá ọlọ́mọ ní ìlà àwọn aláṣọ. Ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọmọ wọn wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà lè jọ san obìnrin kan, kí ó máa kó wọn jẹun, kí ó sì máa mú wọn padà.

Bí ẹ bá ti jẹ́ kí wọ́n bá àwọn òbí ọmọbìnrin náà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má kàn dákẹ́ mọ́ wọn lórí. Ẹ ránṣẹ́ pé ẹ kò gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n bí agbára yín bá gbé e, kí ẹ ra ìwé àti aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún un níbẹ̀, kí ó lè dé CM2, kíláàsì tí ó kẹ́yìn ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí ó sì ṣe CEP, ìdánwò àṣejáde rẹ̀, láti ilé ìyá rẹ̀.